MAXYMUS ní Berlin: ẹ̀rọ tó jẹ́ ká fojú rí ìgbì inú irin

Ẹni tó bá ń ṣe ìwádìí lórí òòfà, tó sì fẹ́ fojú rí bí ìgbì spin ṣe ń rìn nínú irin tó fẹ́lẹ́, MAXYMUS ni mo máa kọ́kọ́ júwe fún un. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tí kò ráyè kà á tán lè mú ìyẹn lọ. Ẹni tó bá ráyè, kó jókòó, torí ohun tí ẹ̀rọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe, ó mọ̀ ọ́n ṣe dé góńgó, èyí tí kò sì lè ṣe, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí a lè bẹ̀ ẹ́ tó máa ṣe é. Kí èèyàn tó fi ọ̀pọ̀ oṣù múra sílẹ̀, ó yẹ kó mọ ibi tí iṣẹ́ tirẹ̀ bọ́ sí.

Máíkírósíkóòpù X-ray ni MAXYMUS. Max Planck Institute for Intelligent Systems ti ìlú Stuttgart ló gbé e kalẹ̀ sí BESSY II, ní Adlershof, lápá gúúsù ìlà-oòrùn Berlin. Ẹni tó bá wọ S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, tó sọ̀ kalẹ̀ ní Adlershof lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ilé rìbìtì ńlá kan ni BESSY II, láti 1998 ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Òpó kan tí wọ́n fa gbogbo atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde yí po nínú rẹ̀, àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 240, inú òpó yẹn sì ni àwọn ẹ̀lẹ́kítíróònù ti ń sáré pẹ̀lú agbára 1.7 GeV. Díẹ̀ báyìí ló kù kí eré wọn bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Wọn kì í tò tẹ̀ léra láìsí àlàfo. Ìdì ìdì ni wọ́n, nanosẹ́kọ́ńdì 2 ló sì wà láàárín ìdì kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ibi tí òòfà bá ti dà wọ́n lọ́nà ni wọ́n ti ń tu X-ray jáde, X-ray yìí ni àwọn onímọ̀ ń ti òkè òkun wá lò. Ní gbogbo Áfíríkà, a ò ní ẹyọ kan irú ẹ̀rọ yìí. Ó ń dùn mí, mi ò sì ní fi bò. Nígbà tí àwọn ará Berlin fẹ́ pa ti àkọ́kọ́ wọn tì, ìyẹn BESSY I, Jordan ni wọ́n kó àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ránṣẹ́ sí fún SESAME, ẹ̀rọ irú rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe, nìyẹn, kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kúrò ní Yúróòpù kó lọ ta gbòǹgbò síbòmíì.

Kí ni ìgbì spin gan-an? Nínú irin tó ní òòfà, òòfà kékeré kan ni átọ́mù kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì kọjú síbì kan. Bí a bá ta ọ̀kan jí, á máa yí lórí ìdúró, á kó ìyí náà ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà á kó o ran ẹlòmíì, títí ìyí náà á fi rìn jìnnà láìjẹ́ pé átọ́mù kankan kúrò láyè rẹ̀. Felix Bloch ló dá a lábàá ní 1930. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi gbóná lóde òní ni pé ìgbì Wi-Fi tó ń mì ní 5 GHz (bílíọ̀nù márùn-ún ìgbà ní sẹ́kọ́ńdì kan) gùn tó sẹ̀ǹtímítà 6, bẹ́ẹ̀ ìgbì spin tó ń mì ní iye kan náà lè má tó maikirómítà 1. Ó fi ìlọ́po 60,000 kúrú jù ú lọ. Ohun tó ń gba inú tábìlì kan lè wá wọnú ẹ̀rún kékeré, iná mànàmáná kò sì ní máa ṣàn nínú rẹ̀ débi tó máa gbóná.

Àmọ́ ìròyìn ò tó àfojúbà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi ń wọn ìgbì wọ̀nyí láìrí wọn: a ó fi iná ránṣẹ́ sínú irin láti ẹ̀gbẹ́ kan, a ó wọn ohun tó jáde lódì kejì, a ó wá fi ìṣirò sọ ohun tó ní láti ti ṣẹlẹ̀ láàárín. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà o. Àwọn kan ń fi lésà wò ó, ó sì dára fún iṣẹ́ tó pọ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí kò lè ya ohun méjì tí àlàfo wọn kò tó nǹkan bíi 250 nm (nanomítà; ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló wà nínú maikirómítà 1) sọ́tọ̀, ìgbì tó kúrú ju ìyẹn lọ á dà pọ̀ mọ́ra lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìgbì kúkurú gan-an ni à ń wá.

Ibi tí MAXYMUS ti yàtọ̀ nìyí. Lẹ́ńsì rẹ̀ kì í ṣe dígí. Àwọn òrùka tín-ín-rín tó yí ara wọn ká ni. Bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí àárín ni wọ́n ń tín-ín-rín sí i, èyí tó wà lóde pátápátá ló sì ń pinnu bí X-ray ṣe máa kó ara jọ sójú kan tó. Nǹkan bíi 25 nm ni ojú yẹn. A ó wá máa sún irin náà díẹ̀díẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ kan tó wà lẹ́yìn á máa ka iye X-ray tó kọjá. Ọgbọ́n tó ń fi òòfà hàn nínú rẹ̀ ti wà láti 1987, nígbà tí Gisela Schütz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lára irin pé X-ray tó ń yí sọ́tùn-ún àti èyí tó ń yí sósì kì í wọlé bákan náà sínú ohun tó ní òòfà. Schütz kan náà ló wá ṣe ọ̀gá ẹ̀ka tó gbé MAXYMUS kalẹ̀ ní Stuttgart. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀, pé ẹni tó la ọ̀nà náà ló tún kọ́ ilé sójú ọ̀nà.

Ohun míì tún wà tí lésà kò ní. Bí a bá tún X-ray náà ṣe sí nǹkan bíi 852 eV (eV la fi ń wọn agbára X-ray), nickel ló máa dáhùn. Ní 707 eV, irin gidi, ìyẹn iron. Ní 778 eV, cobalt. Ẹni tó bá to oríṣi méjì léra wọn lè wo ti òkè lọ́tọ̀, kó wo ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, láì ya wọ́n.

Ẹ ó bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń ya ohun tó ń mì ní bílíọ̀nù méje ìgbà ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ẹ ti rí i rí: bí iná tó ń ṣẹ́jú bá ń tàn sí fáànù tó ń yí, tí ìṣẹ́jú rẹ̀ sì bá eré fáànù mu, apá fáànù á dúró gbagidi lójú yín. Bí iná náà bá yà díẹ̀ sí eré fáànù, apá náà á máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ojú á sì lè tẹ̀ lé e. X-ray ti BESSY II ń ṣẹ́jú nǹkan bíi 500 mílíọ̀nù ìgbà ní sẹ́kọ́ńdì kan. A ó pín iye yẹn sí ọ̀nà méje, a ó mú 99 nínú ìdá bẹ́ẹ̀, ó di nǹkan bíi 7.07 GHz; iye yẹn ni a ó fi mi irin wa. Ìdì X-ray méje tó bá tẹ̀ léra, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú á ti bá ìgbì náà nínú ìyí rẹ̀, ìkẹjọ á padà síbi tí èkínní ti bá a. Bí a bá tò wọ́n, àwòrán méje ló máa jáde, nǹkan bíi píkósẹ́kọ́ńdì 20 ló sì wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. TimeMaxyne ni wọ́n pe ètò tó ń ka X-ray kọ̀ọ̀kan tó sì ń pín in síbi tó yẹ, òun gan-an ni mo gbà pé ó jẹ́ ọkàn ẹ̀rọ yìí. Mo ti lo ètò míì rí tí èèyàn á fi ṣe iṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, tí yóò wá lọ sílé lọ tò ó kó tó mọ̀ bóyá ó rí nǹkan. Níbí, fíìmù náà ń jáde lójú yín bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Bí kò bá dára, ẹ ó mọ̀, ẹ ó sì yí i padà lójú ẹsẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ irin tí a gbé lọ, ibẹ̀ sì ni wàhálà tó pọ̀ jù wà. Permalloy la lò, àdàlù nickel ìdá 80 àti irin gidi (iron) ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, dísíìkì roboto tó nípọn tó 80 nm, tí ìbú rẹ̀ kò ju maikirómítà mélòó kan lọ. X-ray tí à ń sọ yìí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń ya àyà aláìsàn nílé ìwòsàn. Aláìlágbára ni, maikirómítà mélòó kan ti tó láti gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nítorí náà, a kò lè kọ́ irin náà sórí silicon tó nípọn bí a ṣe máa ń ṣe. Fèrèsé silicon nitride tó nípọn tó 100 nm ló gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, irun orí èèyàn sì fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlọ́po nípọn ju fèrèsé yẹn lọ. Ó le ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ bí a bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, ṣùgbọ́n kí etí ẹ̀mú kàn án pẹ́rẹ́, ó ti tán. A ó kọ́ wáyà bàbà pẹlẹbẹ sí i lára, èyí tó máa gbé iná tó ń mi dísíìkì náà, a ó lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù kékeré, a ó fi wáyà tín-ín-rín so wọ́n pọ̀. Ilé iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ fi páálí fèrèsé ránṣẹ́ sí wa tí àwọn kan nínú rẹ̀ ti sán ní igun kí a tó ṣí i. Sísán náà kéré débi pé ojú lásán kò rí i, ìgbà tí a gbé wọn wọnú ibi tí kò sí atẹ́gùn ni wọ́n fọ́. Láti ìgbà náà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan la máa ń fi máíkírósíkóòpù lásán wò kí a tó náwó lé e lórí, mo sì rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kó ju èyí tí ẹ rò pé ó tó lọ dání.

Ìdí tí a fi yan dísíìkì ni pé òòfà inú rẹ̀ máa ń fúnra rẹ̀ yí po mọ́ etí, bó bá dé àárín gan-an, kò ríbi yí sí mọ́, á wá nà jáde kúrò nínú dísíìkì náà ní ojú kan tó kéré jọjọ. Bí a bá mi ojú kékeré yẹn, ó ń tu ìgbì jáde yí ara rẹ̀ ká. Ní 2019, àwọn onímọ̀ Stuttgart àti àwọn alájọṣe wọn gbé e jáde pé wọ́n fi ọ̀nà yìí rí ìgbì tó kúrú tó 80 nm ní 10 GHz nínú irin onípele kan ṣoṣo. Ohun tí àwa fẹ́ mọ̀ ni bí ìgbì náà á ṣe ṣe bí a bá sún orísun rẹ̀ kúrò láàárín.

Tọ̀sán tòru ni iṣẹ́ ń lọ ní BESSY II, òru sì ni tèmi. Gààrí tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù Afro kan ní àdúgbò Wedding ni mo ń mu pẹ̀lú ẹ̀pà bí mo bá jáde sinmi. Nínú gbọ̀ngàn náà, ariwo fáànù àti ẹ̀rọ tó ń fa atẹ́gùn kì í dá. Àwòrán ń wọlé láti òkè, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì. Lákọ̀ọ́kọ́, wúruwùru lásán ni, torí ìyàtọ̀ tí ìgbì náà ń mú wá kéré gan-an sí gbogbo X-ray tó ń kọjá, èèyàn sì gbọ́dọ̀ ka ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ kí ó tó yọ jáde. Kọ̀ǹpútà ń yọ gbogbo ohun tí kò yí padà kúrò, ohun tó ń yí padà nìkan ló ń fi hàn. Nígbà tó yá, òrùka dúdú àti funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ọ̀kan nínú ìkejì. Mo tẹ̀ ẹ́ kó máa rìn. Wọ́n jáde láti àárín, wọ́n ń lọ sí etí, wọ́n ń ṣá bí wọ́n ṣe ń lọ, nǹkan tí mo ti ń yà sójú pátákó fún àwọn ọmọ ilé-ìwé láti ọdún yìí wá. Mo pariwo. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kejì sáré wá wò bóyá nǹkan bàjẹ́ ni, òun náà dúró tì mí, a jọ ń wò ó.

Ẹ̀gbọ́n kan ní yunifásítì kan nílé ló ṣe ìṣirò tí a gbé iṣẹ́ náà lé, mo pè é lórí fóònù, mo kọ kámẹ́rà sójú kọ̀ǹpútà.

"Àbúrò, ṣé kì í ṣe ìṣirò tèmi lo tún ń fi hàn mí?"

"Ẹ̀gbọ́n, òun gan-an ni ẹ̀ ń wò yìí o. Láti inú ẹ̀rọ ni."

"Ó dáa. Fún un ní òòfà díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, jẹ́ ká wò ó bóyá àárín yẹn á sún."

"Ẹ jẹ́ kí èyí parí ná, ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ sùn, mà á fi ránṣẹ́ sí yín."

"Mi ò sùn níbì kankan."

Òòfà tí agbára rẹ̀ jẹ́ mílítẹ́sílà (mT) díẹ̀ ni mo fún un. Ojú kékeré náà sún lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo òrùka sì sún tẹ̀ lé e. Apá ibi tí ó sún sí, ìgbì kò rí àyè púpọ̀ kó tó kan etí. Apá kejì, ó rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè ka òrùka kan lẹ́yìn ìkejì títí wọ́n fi pòórá. Lésà kan kò lè fi ìyẹn hàn mí láyé. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ibi tí mo ní ó máa wà náà ló wà." Ayọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lára mi títí dòní.

Ó kù ká sọ ibi tí ẹ̀rọ náà ò tó. Òòfà tí wọ́n fi sínú rẹ̀, òòfà àdáyanrí tí kò nílò iná ni, wọ́n ń yí i láti pààrọ̀ agbára rẹ̀, kò sì kọjá 250 mT. Fún Permalloy, ó tó, ó ṣẹ́kù. Ẹni tí irin rẹ̀ bá nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó wá ibòmíì. YIG (yttrium iron garnet), ohun olóòfà tí gbogbo ayé ń sáré tọ̀ torí pé ìgbì ń rìn jìnnà nínú rẹ̀, orí òkúta garnet ni wọ́n ti ń hù ú, X-ray yìí kò sì lè gba inú òkúta náà kọjá. Àfi kí èèyàn há a láti ẹ̀yìn títí ó fi fẹ́lẹ́. Wọ́n ti ṣe é, ó sì yọrí, àmọ́ iṣẹ́ ńlá ni. Ìdì X-ray fúnra rẹ̀ tún gùn tó nǹkan bíi píkósẹ́kọ́ńdì 50 lọ́jọ́ gbogbo, ohun tó bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ á máa ṣú lójú rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ń mú ìdì náà kúrú, àmọ́ X-ray á dín kù gan-an.

Èyí tó tóbi jù, mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bákan náà ní gbogbo ìgbà nìkan ni ẹ̀rọ yìí ń rí. Àwòrán kọ̀ọ̀kan, àkójọ àìmọye ìyí ni. Ìgbì tí ooru lásán ń dá sílẹ̀ nínú irin, tó ń wá tó ń lọ bó ṣe wù ú, kò ní hàn rárá. Àwọn tó ń fi lésà wo ìgbì spin ń rí ìyẹn kedere, láìsí wáyà kankan lára irin wọn. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ ń wá ni bí irin yín ṣe ń mì bó bá wà fúnra rẹ̀, lésà ni kí ẹ wá, kò sì ní ná yín ní fèrèsé kankan.

Ní ti owó, ẹni tó bá máa gbé èsì rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé kì í sanwó X-ray. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni Helmholtz-Zentrum Berlin, tó ń bójú tó BESSY II, ń gba ìwé ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn onímọ̀ míì á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì pín àkókò fún èyí tó bá yege. Àwọn tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá náà lè kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kedere ìdí tí lésà kò fi lè ṣe é, ẹ fi ìṣirò yín tì í, ẹ sì fi hàn pé irin náà ti wà lórí fèrèsé tàbí pé ẹ mọ ẹni tó máa kọ́ ọ fún yín. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ físà. Ìdí tó fi jẹ́ pé orí fóònù ni ẹ̀gbọ́n mi wà lóru yẹn ni pé ọ́fíìsì kan dá ìwé rẹ̀ dúró títí àkókò wa fi kọjá. Ẹni tó ṣe ìṣirò náà kò sí nínú yàrá tí ìṣirò rẹ̀ ti jẹ́, ó sì dùn mí wọra.

A ti ń kọ ìwé ìbéèrè míì báyìí. Cobalt àti Permalloy tí ìpele ruthenium (irin mìíràn) tín-ín-rín pààlà sí wọn láàárín la fẹ́ gbé lọ lọ́tẹ̀ yìí. A ó fi 778 eV wo cobalt, a ó fi 852 eV wo nickel, kí a lè mọ̀ bóyá ìpele méjèèjì jọ ń yí ni àbí wọ́n ń yí lódì síra wọn. Ẹ̀gbọ́n ti ń kó ìwé físà rẹ̀ jọ kí ìdáhùn tó dé.